Ìdí Tí Nọ́ọ̀tì Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Fi Ń Dé Adé

Nígbà láéláé, kí irin tó panu mọ́, gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ènìyàn sì ń gbọ́ wọn. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n ń sọ o. Ẹjọ́ ni wọ́n ń rò láti àárọ̀ dalẹ́.

Láyé ìgbà náà, orí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí ni. Kò dé adé, ohunkóhun kò sì gba orí rẹ̀ kọjá. Bó bá wù ú kó fún, a fún. Bó bá wù ú kó dẹ̀, a dẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bi í.

Ọkọ̀ kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Àyìnkẹ́. Pupa ni, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ ná. Eré ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà èwe rẹ̀, kí o tó ní "ọkọ̀ ń bọ̀," ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ó ti dàgbà. Alàgbà Olúkòtún tó ni ín, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, náà ti dàgbà. Bàbá á rọra wọlé, á rọra jáde, oríkèé àwọn méjèèjì á sì jọ máa dún.

Nínú ẹsẹ̀ iwájú Àyìnkẹ́, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni Ìyá Béárìn ń gbé. Béárìn ni òrùka irin tí àwọn ọmọ irin wẹ́wẹ́ tò yí inú rẹ̀ ká. Òun ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa yí lára ọ̀pá irin tí kì í yí. Nọ́ọ̀tì ní tirẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀pá náà, ó di Ìyá Béárìn mú kó má baà bọ́.

Ogún ọdún ni Ìyá Béárìn fi ru ẹsẹ̀ náà, kò ráhùn. Ẹ sì mọ bí ayé ṣe ń ṣe ẹni tí kì í ráhùn: ẹrù ni wọ́n ń fi kún tirẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ inú rẹ̀ jẹ, gbogbo ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Bí Àyìnkẹ́ bá ti ń sáré, a máa kùn.

"Hùn-ún-ún. Hùn-ún-ún."

"Ìyá arúgbó yìí tún ti bẹ̀rẹ̀," Táyà wí. Táyà yìí, ojú títì ló ń fi gbogbo ara nù látàárọ̀, ó sì gbà pé òun nìkan ló ń gbé ọkọ̀ rìn.

Alàgbà náà gbọ́ kíkùn ọ̀hún. Kí ni akọ̀wé wa ṣe? Ó yí rédíò sókè. Ó ń yí i sókè títí orin fi bo ìkérora ìyá onírin mọ́lẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, ó ti lọ."

Kò lọ. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì jìgìjìgì, ọwọ́ bàbá sì ń gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tí ibà mú. Ó rọra wa Àyìnkẹ́ lọ sọ́dọ̀ Ṣìfáwù, obìnrin mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá afárá. Ọwọ́ Ṣìfáwù le, ẹnu rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣìfáwù fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Ó fi ọwọ́ kan di táyà mú lókè, ó fi ọwọ́ kejì dì í mú nísàlẹ̀, ó mì ín. Gbọ̀-gbọ̀. Gbọ̀-gbọ̀.

"Bàbá, ìgbà wo ló ti ń kùn?"

"Kò tíì pẹ́."

"Bàbá."

"Ó tó oṣù mẹ́fà," Alàgbà wí, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Kí lẹ wá ṣe sí i?"

"Mo yí rédíò sókè."

Ṣìfáwù wò ó títí. "Bí inú bá ń run yín náà, ṣé orin lẹ máa ń kọ sí i?"

Ojú ti bàbá. Ó ní, "Ṣìfáwù, má bú mi. Àwọn ọmọ mi ní ọkọ̀ yìí yóò pa mí. Mo ti ṣèlérí fún wọn. Bó bá tún dá mi dúró lọ́nà lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn tó ń kó irin àlòkù ni yóò gbé e."

Gbogbo irin ara Àyìnkẹ́ ló gbọ́ ọ. Kò sí irin tí kò mọ ibi tí wọ́n ń kó irin àlòkù lọ. Inú iná ni, wọ́n á yọ́ ọ bí òrí.

Ṣìfáwù tú Nọ́ọ̀tì, ó sì yọ Ìyá Béárìn. Kí ìyá tó lọ, ó pe Nọ́ọ̀tì.

"Ọmọ mi, o di mí mú dáadáa láti ogún ọdún yìí wá. Ọmọdé ló ń bọ̀ wá rọ́pò mi. Má fún un jù. Àyè tó tó èèpo àlùbọ́sà ni kí o fi sílẹ̀ fún un, kó lè máa mí."

Ẹkún ni Nọ́ọ̀tì ń sun. Ẹni tó ń sunkún kì í gbọ́ ìmọ̀ràn tán.

Wọ́n mú Béárìn tuntun dé. Ṣìfáwù bu gíríìsì sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń tẹ Béárìn mọ́ ọn, ó ń yí i, títí gíríìsì fi wọ ìdí gbogbo ọmọ irin inú rẹ̀, bí ìyá tó ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára. Ó tì í sí àyè rẹ̀. Ó di Nọ́ọ̀tì mọ́ ọn pinpin, ó yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ohun gbogbo lè jókòó, lẹ́yìn náà ó tún tú Nọ́ọ̀tì padà díẹ̀, díẹ̀ péré.

"Ibi tí mo fi ọ́ sí yìí ni kí o wà," ó wí fún un.

"Mo gbọ́, mà," Nọ́ọ̀tì dáhùn.

Ìbá gbọ́ lóòótọ́, bí kì í bá ṣe ti Táyà. Ẹsẹ̀ Ṣìfáwù kò tíì kúrò nílẹ̀ tí Táyà fi yíjú sí Bíréèkì.

"Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, ta ló yẹ kó di ìyá yẹn mú?"

"Nọ́ọ̀tì ni," Bíréèkì wí.

"Ẹsẹ̀ wá ń mì. Ọwọ́ ta ló dẹ̀?"

"Èmi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni o."

Irọ́ funfun ni. Ogbó ló mú ìyá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Nọ́ọ̀tì lákínyẹmí ara. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọwọ́ mi dẹ̀, ni ìyá fi lọ. Tí ọmọ yìí náà bá bọ́, iná ni gbogbo wa ń lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Alàgbà gbéra, ó ń lọ fi Àyìnkẹ́ han àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n kan gegele àkọ́kọ́, Nọ́ọ̀tì fún mọ́ Béárìn díẹ̀. Wọ́n kan kòtò, ó tún fún.

"Ẹ̀gbọ́n," Béárìn pè é, "ara mi ń gbóná."

"Fara balẹ̀. Mo dì ọ́ mú."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí àyè yí."

"O fẹ́ bọ́ ni?" Nọ́ọ̀tì bi í, àyà rẹ̀ já. Ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ fún un.

Béárìn figbe ta. Nọ́ọ̀tì rò pé ó ń bẹ òun kí òun má fi í sílẹ̀. Gíríìsì yọ́, ó ń kán sílẹ̀ tó-tó-tó, èéfín sì ń rú jáde nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Àyìnkẹ́ dúró sáàárín òkè, kò lè lọ, kò lè bọ̀.

Alàgbà Olúkòtún ránṣẹ́ pe Ṣìfáwù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn tó ń kó irin àlòkù ló kọ́kọ́ dé. Bí igún ni wọ́n rí, wọn kì í dúró kí òkú tutù.

"Bàbá, ṣé ká gbé e?" ọ̀gá wọn bèèrè, ó ti ń tú okùn.

Bàbá wo Àyìnkẹ́. Ó rántí ìlérí rẹ̀. Ó na ọwọ́ wọ inú ọkọ̀, ó pa rédíò. "Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì mi kọ́kọ́ wò ó," ó wí. "Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó ń ṣe é."

Ṣìfáwù dé lórí alùpùpù, ó sì tú ẹsẹ̀ náà.

"Béárìn tuntun yẹn ni kò dáa," Táyà yára sọ. "Ayédèrú ni. Mo ti rí i lójú ẹ̀."

Béárìn kò lè fèsì, ooru ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀tì mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, Béárìn ni yóò jẹ̀bi, wọn á gbé gbogbo wọn lọ, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé. Ó wo ọ̀gá oníirin àlòkù. Ó wo okùn ọwọ́ rẹ̀.

"Èmi ni, mà," ó wí. "Mo fún un jù. Wọ́n ní ọwọ́ mi ló dẹ̀ tí ìyá fi lọ. Ẹ̀rù bà mí pé kí èyí náà má lọ."

"Ta ló ní ọwọ́ rẹ dẹ̀?"

Bíréèkì ń wo Táyà. Táyà ń wo igbó.

Ṣìfáwù, tí kì í gba ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó fi kẹrosíìnì wẹ Béárìn, ó yẹ àwọn ọmọ inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná kò tíì ba ara wọn jẹ́. Ó tún fi gíríìsì pa á látòkè délẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó mú Nọ́ọ̀tì. Ó fi ayùn irin gé orí rẹ̀ ní gé-gé-gé yíká títí ó fi rí bí adé, ó sì lu ihò sẹ́nu ọ̀pá irin. Ó dì í pinpin, ó tú u padà díẹ̀, ó wá ki píìnì tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín orí rẹ̀ kọjá sínú ihò náà, ó sì tẹ ẹsẹ̀ píìnì náà sẹ́yìn kó má baà yọ.

"Ṣé ìyà mi nìyí, mà?" Nọ́ọ̀tì bèèrè.

"Rárá. Kí ẹ̀rù má baà máa gbé ọwọ́ rẹ lọ ni."

Ó ṣe bákan náà sí ti ọwọ́ òsì, kí ìyẹn má baà jowú. Alàgbà gun ọkọ̀, Àyìnkẹ́ sì gun òkè náà wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò kùn. Àwọn oníirin àlòkù náà kò lọ lọ́wọ́ òfo. Bàbá tú rédíò fún wọn.

Láti ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ iwájú irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń dé adé, tí píìnì sì ń gba àárín adé náà kọjá. Ẹni tí kò mọ̀ a ní oyè ló jẹ. Láti ọjọ́ náà sì ni gbogbo mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ti máa ń dì í pinpin, tí yóò tún tú u padà díẹ̀. Irin ti panu mọ́ lónìí, ẹjọ́ Táyà ló sú wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá fetí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú nọ́ọ̀tì náà padà, wàá gbọ́ ohùn kékeré kan, kín-ín. Béárìn ló ń mí.