Ojú Tí Kò Sunkún

"Ojú lọ̀rọ̀ wà." Kò sí ilé tí wọn kì í ti í pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ wú gbòǹgbò rẹ̀ fún mi, ta ni yóò nawọ́? Èyí tí àwọn ará Ìdí-Òrógbó máa ń sọ ni mo fẹ́ rò fún yín.

Baba kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Fẹ́hìntọ́lá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń kọ àkọlé sára ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán, irú èyí tí èèyàn inú rẹ̀ máa ń dà bí ẹni tó fẹ́ mí. Ó tọ Sista Bẹnẹdíta lọ, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà. Sista gbé ẹ̀dà àwòrán kan síwájú rẹ̀, èyí tí ará Ítálì kan yà ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn: Màríà gbé òkú Jésù ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó ní kó dà á kọ, kó má fi kún un, kó má yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀dà olóròóró kì í tètè gbẹ. Ẹni tó bá kánjú fi àwọ̀ kan lé òmíràn, ẹrẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀. Oṣù méjì ni Fẹ́hìntọ́lá fi ya aṣọ búlúù Màríà àti ẹsẹ̀ Jésù tí ìṣó dá lu. Nígbà tó kan ojú Màríà, ó fi omijé sí i, ó sì la ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń ké.

Sista wò ó, ó mi orí. "Baba, níbo lẹ ti rí omijé?"

"Sista, ọmọ rẹ̀ ló kú."

"Mo mọ̀. Nínú àwòrán yìí, níbo lẹ ti rí i?"

Ọmọ tirẹ̀ ni Baba rántí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí odò gbé Oyèlékè lọ, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bí. Baba ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó gbálẹ̀, ó se oúnjẹ fún àwọn tó wá kí wọn. Láti ọjọ́ náà ni Fẹ́hìntọ́lá ti gbà pé ìyàwó òun kò fẹ́ràn ọmọ náà tó. Kò wí i síta, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Oyèlékè sí i létí mọ́.

Ó fi àkísà nu ojú Màríà kúrò, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó rí nìkan ló yà: ìpéǹpéjú tó wúwo, ètè tó pa dé, iṣan ọrùn tó le bí okùn tí wọ́n fi so ẹrù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, búrọ́ọ̀ṣì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ojú yẹn. Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni òun àti ojú yẹn ti jọ ń jẹun.

Kò tilẹ̀ fọ búrọ́ọ̀ṣì kó tó gba ilé lọ. Àwẹ̀ró ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Baba jókòó tì í, ó ń wò ó.

"Kí ló dé tí ẹ ń wò mí báyìí?"

"Àwẹ̀ró, mo ṣì ọ́ mọ̀. Mo rò pé o kò ṣọ̀fọ̀ Oyèlékè."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró nínú ẹ̀wà. "Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ẹkún lọ́jọ́ náà, n kì bá tí lè dákẹ́ mọ́. Ta ni ì bá wá gbé ẹ̀yin dìde nílẹ̀?"

Baba fa igbá ẹ̀wà náà sáàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ ń ṣà á, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Oyèlékè, títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí àwòrán náà parí, aládùúgbò kan bi Fẹ́hìntọ́lá pé èé ṣe tí Màríà kò fi sunkún. Ó ní, "Inú ẹkún kọ́ lọ̀rọ̀ wà. Ojú lọ̀rọ̀ wà." Láti ìgbà náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi ariwo ẹnu díwọ̀n ohun tó wà nínú ẹnìkejì rẹ̀, tàbí ẹni tó ń rán iṣẹ́ sí ẹni tó yẹ kó lọ bá fúnra rẹ̀, òwe tí wọ́n ń pa fún un nìyẹn: kó lọ jókòó síwájú onítọ̀hún, kó sì wò ó dáadáa.