Ojú Ló Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

Bí ẹ bá dé ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, tí ẹ gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń sọ fún ẹni tó fẹ́ kánjú ra ilẹ̀ pé, "Ojú ló ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ kàn ń jíṣẹ́ ni," ẹ má rò pé orí bàbá náà ti ń yí. Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ máa ń rẹ́rìn-ín. Ojú wo ló ń gbá bọ́ọ̀lù? Bí bọ́ọ̀lù bá ba èèyàn lójú, ṣé kì í ṣe ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé e lọ? Òwe náà kò sì pẹ́ láyé, kì í ṣe àwọn baba ńlá wa ló pa á. Ọmọbìnrin kan tí kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló pa á, lórí pápá, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, bí ó sì ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ìbíyẹmí lorúkọ ọmọ náà. Ìdí-Ìyeyè ló ti wá, ìlú kékeré kan tó jókòó sáàárín oko kòkó. Gegele ló pọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni pèpéle sìmẹ́ńtì tí àwọn àgbẹ̀ ń sá kòkó sí. Nígbà tí kòkó bá jáde, ẹní á bo pèpéle náà, á wá ku ọ̀nà tóóró tóóró láàárín ẹní kan sí èkejì. Ọ̀nà tóóró yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, nítorí pé kò síbòmíràn.

Ìyá bàbá Ìbíyẹmí ló ń ṣọ́ kòkó. Ìyá àgbà yìí kì í pariwo, kì í sì í lé ọmọ. Ọ̀bẹ ló máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan kòkó ẹnikẹ́ni, á rọra dìde, á mú bọ́ọ̀lù náà, á là á sí méjì bí ìgbà téèyàn ń fọ́ kòkó, á sì padà lọ jókòó. Lọ́dún kan, bọ́ọ̀lù mọ́kànlá ló là bẹ́ẹ̀. Ti Ìbíyẹmí, ọmọ ọmọ rẹ̀, jẹ́ mẹ́ta níbẹ̀, ìyá àgbà kò sì tìtorí ìyẹn bẹ ọmọ náà.

Ó wá di pé kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ní Ìdí-Ìyeyè, ọmọ náà ti bojú wẹ̀yìn, ó ti wo ọ̀tún, ó ti wo òsì. Níbo ni ẹní wà? Ta ló dúró sójú ọ̀nà? Ṣé ìyá àgbà ń wo ibí? Bí bọ́ọ̀lù bá wá dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹsẹ̀ kàn án, ó ti lọ. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n rò pé ọ̀bẹ ni àwọn ń sá fún.

Ní ìlú ńlá tó wà nítòsí, akádẹ́mì kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù. Ọmọ méjìdínlógún péré ni wọ́n ń mú lọ́dún. Ẹni tí wọ́n bá mú, ibẹ̀ ni yóò máa gbé, ibẹ̀ ni yóò ti máa lọ sílé ìwé, òbí rẹ̀ kò sì ní í san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn kì í gbà á. Ìbíyẹmí ti lọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá a padà. Lọ́dún yìí, oṣù kan ló kù kó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàbá rẹ̀ sì ti sọ tirẹ̀ tán.

"Tí wọ́n bá tún dá ẹ padà, ilé àbúrò mi ni wàá lọ, kó kọ́ ẹ níṣẹ́ aránṣọ. Mi ò ní kó o má gbá bọ́ọ̀lù mọ́ o. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti tó ẹ kì í kàn jókòó."

"Mo ti gbọ́, bàámi."

Ìbíyẹmí kò kórìíra abẹ́rẹ́. Bọ́ọ̀lù ló fẹ́, ó sì fẹ́ ẹ débi pé kì í lè jẹun bó bá ti rántí pé ìgbà ìkẹyìn nìyí.

Olórí kóòṣì akádẹ́mì náà ni ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó mọṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ni mo fi ń mọ ọmọ," ló máa ń wí. "Ẹ ṣáà jẹ́ kó sáré láti ibí dé ibẹ̀ yẹn, màá sọ bó ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù títí dọjọ́ alẹ́ fún yín." Nítorí náà, eré sísá ló fi ń sẹ́ àwọn ọmọ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fojú kan bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ga, tí eré wà lẹ́sẹ̀ wọn, ló ń mú.

Ọ̀tàlénígba ọmọ ló kóra jọ lọ́jọ́ ìdánwò náà. Wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn lẹ́yìn, Ìbíyẹmí gba mẹ́tàdínlọ́gọ́fà. Wọ́n tò wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá, fèrè dún, eré bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìbíyẹmí kúrú, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sáré láìní ohun tí wọ́n ń lé. Ipò kẹjọ ló ṣe nínú mẹ́wàá.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà, ó dàbọ̀," ni Gbádégẹṣin wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò tí ì rí mi pẹ̀lú bọ́ọ̀lù."

"Bí ìgbín bá rí bọ́ọ̀lù, ṣé ó máa wá di ẹṣin ni? Máa lọ, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìbíyẹmí wọnú egungun. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò Ìdí-Ìyeyè kì í gbéra títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì síbi tó fẹ́ lọ, ó bá lọ jókòó sẹ́bàá pápá, ó ń wo àwọn tí Ọlọ́run ṣe é fún.

Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́rin ló yege nínú eré sísá, wọ́n sì pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà. Ní báyìí, àṣìṣe kan wà tí gbogbo ọmọ tó bá wá fún irú ìdánwò yìí máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ìyá wọn ti kìlọ̀ fún wọn nílé pé, "Jẹ́ kí wọ́n rí ẹ o!" Nítorí náà, ẹni tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀ á dorí kodò, á fẹ́ gé èèyàn mẹ́fà kọjá, ẹnì keje á gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òun náà á dorí kodò. Bí adìyẹ púpọ̀ tó rí kòkòrò kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe rí. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá, àwọ̀n kò mì. Gbádégẹṣin ṣì ń kọ nọ́ńbà àwọn tó ń sáré dáadáa sílẹ̀.

Morádéyọ̀ ni igbákejì rẹ̀, obìnrin tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún rẹ̀ tó kọṣẹ́. Ó ń tiro lọ lẹ́bàá pápá nígbà tó rí ọmọ kan tó jókòó, tí ọrùn rẹ̀ ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Gbogbo èèyàn tó kù ló ń wo bọ́ọ̀lù. Ọmọ yìí kò wo bọ́ọ̀lù rárá.

"Kí lò ń wò?"

"Àyè ni, mà."

"Àyè wo?"

Ìbíyẹmí nàka. "Ẹ̀yìn ẹni tó wọ bàtà pupa yẹn ṣófo, mà. Tí wọ́n bá gbá a síbẹ̀ báyìí, góòlù ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti dí. Ó ti ṣí lápá ọ̀hún báyìí."

Morádéyọ̀ wo apá ọ̀hún, ó rí i pé ó ṣí lóòótọ́. Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọmọ náà rí àyè kí òun tó rí i, òun tí wọ́n ń sanwó oṣù fún nítorí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ara rẹ̀ sì yá gágá.

Kò pẹ́ sígbà náà, ẹsẹ̀ ọmọ kan rọ́ nínú ẹgbẹ́ tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewéko, wọ́n gbé e jáde. Morádéyọ̀ tiro lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí mẹ́tàdínlọ́gọ́fà wọlé."

"Ìgbín yẹn?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo tọrọ, sà."

Gbádégẹṣin rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Àyọ̀ká ló máa ṣọ́ ọ." Àyọ̀ká ni ààyò rẹ̀ lọ́dún náà, ọmọ gíga tó fi gbogbo wọn sílẹ̀ sẹ́yìn nínú eré òwúrọ̀. "Bí Àyọ̀ká bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ìgbín yẹn máa lọ sílé, kẹ́nikẹ́ni má sì dárúkọ rẹ̀ sí mi létí mọ́."

Ìbíyẹmí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀ le. Ẹ̀rọ ìránṣọ àǹtí rẹ̀ wá sí i lójú, kedere, títí kan àga tí wọ́n máa ń gbé sídìí rẹ̀. Ó dìde, ó wọlé.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ń bọ̀. Kó tó dé, Ìbíyẹmí ti bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí Àyọ̀ká tó ń já bọ̀ tagbára tagbára. Ó rí ọmọ kan tó dá dúró lápá òsì, tí kò sẹ́ni tó fún un ní bọ́ọ̀lù láti àárọ̀. Ó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn. Ẹnu ya ọmọ apá òsì náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí pápá. Àyọ̀ká dé, kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Àyọ̀ká tètè gbéra, bọ́ọ̀lù tún tètè lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Àyọ̀ká gbá ìbàdí mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìwọ, ṣé o ò lè dúró ti bọ́ọ̀lù ni?"

"Kí n dúró tì í, kí n máa ṣe kí ni?"

Àwọn ẹgbẹ́ aláṣọ ewéko bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ẹni tó bá fún ọmọ yìí ní bọ́ọ̀lù, yóò rí i gbà padà, níbi tó dára ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ni wọ́n bá ń gbórí sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ́lé wọn gbá bọ́ọ̀lù gíga kan sáàárín. Ìbíyẹmí kẹ̀yìn sí ilé góòlù àwọn alátakò wọn, Àyọ̀ká wà ní èjìká rẹ̀, ẹlòmíràn tún ń bọ̀. Kò yí padà. Ó fi ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ tari bọ́ọ̀lù sẹ́yìn ara rẹ̀, gba àárín àwọn méjèèjì, ọmọ apá òsì sì ti ń sáré bọ̀ láti pàdé rẹ̀. Góòlù!

Pápá hó yèè. Kí ariwo náà tó rọlẹ̀ dáadáa, wọ́n ti jẹ èkejì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, Gbádégẹṣin kò fọn fèrè. Ogún pé, kò fọn ọ́n. Ìwé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Nígbà tí góòlù kẹrin wọlé, tí Àyọ̀ká kò tí ì gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, ló tó fọn fèrè, tó rìn lọ sáàárín pápá.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Kòkó la máa ń sá nílé wa."

Gbádégẹṣin kò mọ ohun tí kòkó ń wá níbẹ̀, ó fi ìyẹn sílẹ̀. "O kẹ̀yìn sí ilé góòlù. Báwo lo ṣe rí ọmọ yẹn?"

"Mo ti rí i kí bọ́ọ̀lù tó dé, sà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé, iṣẹ́ ti parí." Ìbíyẹmí kò mọ̀ pé òun ń pa òwe. Ó kàn ń sọ bó ṣe rí ni. "Ojú ló ń gbá bọ́ọ̀lù, sà. Ẹsẹ̀ kàn ń jíṣẹ́ ni."

Agbéraga ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpùrọ́. "Ọdún mẹ́rìnlá," ló wí, "ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń wo ẹni tó ń jíṣẹ́, n kò wo ẹni tó rán an." Ló bá yíjú, ó sì sáré, tikùn tikùn, ó jáde lẹ́nu géètì, ó di ibùdókọ̀ níbi tí àwọn tó lé lọ láàárọ̀ ti ń dúró de mọ́tò. "Ẹ padà wá! Gbogbo yín, ẹ padà wá!" Títí oòrùn fi rọ̀ ni wọ́n fi wo gbogbo wọn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, wọ́n sì rí ọmọ mẹ́rin mú nínú wọn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ka orúkọ àwọn méjìdínlógún, Ìbíyẹmí di etí rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi yọwọ́ létí, nítorí pé orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó ké, ó fò mọ́ Morádéyọ̀ lọ́rùn, orúnkún obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tún yẹ̀. Àyọ̀ká, tí wọ́n mú pẹ̀lú, ló kọ́kọ́ gbé e sókè. Wọ́n yá a ní fóònù, ó pe bàbá rẹ̀.

"Bàámi, wọ́n mú mi!"

Bàbá rẹ̀ ní, "Ṣé orúkọ ẹ wà nínú ìwé? Jẹ́ kí àgbàlagbà kan kà á sí mi létí."

Gbádégẹṣin fúnra rẹ̀ gba fóònù. "Bàbá, ẹ kú oríire. Ìbíyẹmí ni mo kọ síbí, òun ni ẹni kìíní. Èmi ni mo fẹ́ lé e lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Igbe ayọ̀ tó tẹ̀ lé e láti Ìdí-Ìyeyè, ẹni tó wà lẹ́nu géètì gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà, akádẹ́mì yẹn kò fi eré sísá sẹ́ ọmọ mọ́. Gbádégẹṣin á dúró níwájú ọmọ, á ní, "Má bojú wẹ̀yìn o. Èèyàn mélòó ló wà lẹ́yìn rẹ?" Ó ń sọ káàkiri pé òun lòun ṣàwárí ọgbọ́n náà, Morádéyọ̀ á sì wúkọ́. Àwọn òbí tó wà níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ náà délé, wọ́n gbé e dé oko, wọ́n gbé e dé ìpàdé ẹbí níbi tí wọ́n ti ń wádìí ìyàwó. Ẹni tó bá ti ń múra láti fò láìwo ibi tó máa balẹ̀ sí, òun ni wọ́n ń pa á fún. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ kò níyì. Kó ṣáà jẹ́ kí ojú ṣíwájú òun ni, kí ohun tó ń bọ̀ tó dé: ojú ló ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ kàn ń jíṣẹ́ ni.