Omi Kànga Bàbá Ìyàwó

Ọkùnrin kan wà ní etí ọ̀sà, atukọ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó lè nàka àbùkù sí iṣẹ́ rẹ̀. Kì í mutí. Kì í kó èrò ju iye tí ọkọ̀ rẹ̀ lè gbà. Bí ó bá sọ pé òun yóò gbéra ní ìdájí, ẹni tí ó bá dé nígbà tí oòrùn yọ yóò bá èbúté lófìfo. Àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, nítorí kì í gba àbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ rẹ̀. Òun a máa wí pé ọkọ̀ tí ẹnu bá pọ̀ nínú rẹ̀, orí iyanrìn ni yóò gúnlẹ̀ sí.

Ní ìlú tí atukọ̀ yìí ń gbé, àṣà kan wà nípa ìyàwó. Bí wọ́n bá ń mú ọmọbìnrin kọjá ọ̀sà lọ sí ilé ọkọ, orí omi ni wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, ní agbedeméjì ilé bàbá rẹ̀ àti ilé ọkọ rẹ̀. Omi kànga bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Wọn kì í bu omi náà sínú igbá. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣàn láti òkè bọ́ sí i lórí. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin a gbé ìkòkò sókè, wọn a sì máa rọra dà á. Omi ọ̀sà kò gbọdọ̀ kàn án títí wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́ tán, nítorí wọ́n ní omi ọ̀sà kò ní bàbá. Àwọn ará ilé ọkọ a sì máa wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wá pàdé ìyàwó lójú omi. Bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ láì tíì wẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ yóò yí padà sí ilé bàbá rẹ̀ ni, ó sì di àsìkò ẹja pípa mìíràn kí ìgbéyàwó tó tún wáyé.

Ọkọ̀ atukọ̀ yìí tóbi. Ó ní òrùlé, ó ní ilé ìdáná kékeré, ó sì ní balùwẹ̀ kan tí ó ní ṣáwà. Táńkì rọ́bà ńlá kan wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Pọ́ńpù ni ó ń fa omi inú rẹ̀, páìpù a sì gbé e lọ sí balùwẹ̀. Nítorí ṣáwà yìí, gbogbo ẹni tí ó bá ń mú ọmọ lọ sí òdìkejì ọ̀sà, ọkọ̀ yìí ni ó ń wá.

Bàbá kan wá bá a bẹ́ẹ̀. Ó di ọwọ́ atukọ̀ mú, ó ní, "Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí nìyí. Omi kànga mi ni mo ń fi lé ọ lọ́wọ́ yìí o."

Atukọ̀ ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹ̀kán omi ọ̀sà kan kò ní kàn án."

Ohun tí ó sọ ni ó sì ṣe. Ó fọ táńkì náà mọ́ tónítóní, ó rọ omi kànga kún un dé ẹnu. Ó dé ìdérí rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀ yíká. Ọ̀pá kékeré kan wà tí ó yọ sókè ní orí táńkì náà, ẹnu rẹ̀ là sí ojú ọ̀run. Láti ìgbà tí atukọ̀ ti ra ọkọ̀ náà, kò bi ara rẹ̀ léèrè rí nípa ohun tí ọ̀pá yìí wà fún. Ní ọjọ́ náà ó wò ó, ó rò ó pé ìgbì lè ta omi ọ̀sà sínú rẹ̀. Ó fi ọ̀rá bo ẹnu ọ̀pá náà, ó sì fi rọ́bà so ó pinpin. Inú rẹ̀ dùn. Kò tún sí ibi tí omi tí kò ní bàbá lè gbà wọlé mọ́.

Wọ́n gbéra. Oòrùn mú ojú ọ̀sà dán, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àwọn obìnrin tí wọ́n ń sin ìyàwó sì ń kọrin. Ẹni tí ó ṣáájú wọn ni ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó, obìnrin tí ó ti dàgbà, tí kì í fi àwàdà du ẹnikẹ́ni. Ìyá Àgbà ni gbogbo wọn ń pè é.

Nígbà tí wọ́n dé agbedeméjì ọ̀sà, ìyàwó wọ balùwẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà na ọṣẹ àti kànrìnkàn sí i láti ẹnu ọ̀nà. Ṣáwà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ṣàà, àwọn obìnrin hó yèè. Ìyàwó fi ọṣẹ para láti orí dé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ó tín-ínrín bí okùn, ó tín-ínrín bí òwú, ó sì di ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá Àgbà o!" ni ìyàwó kígbe láti inú. "Ọṣẹ ti wọ̀ mí lójú! Omi dà?"

Ìyá Àgbà ní, "Ọ̀gá ọkọ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ wí. Omi dà?"

Atukọ̀ fi ìdarí ọkọ̀ lé ẹnìkejì rẹ̀ tí ó ń bá a tukọ̀ lọ́wọ́, ó sáré lọ sí ìdí pọ́ńpù. Pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kùn bí ẹni tí ó ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ wá. Ó yẹ okùn bátìrì wò, ó le dáadáa. Ó rò ó pé páìpù ni ẹrù tẹ̀ pa. Ó ní, "Ẹ dìde! Gbogbo yín, ẹ gbé ẹrù yín kúrò lórí páìpù mi!" Àwọn obìnrin dìde, wọ́n gbé àpótí, wọ́n gbé ẹní, kò sí ohun kan tí ó tẹ páìpù náà.

Ó lọ tú asẹ́ tí ó wà níwájú pọ́ńpù, bóyá ìdọ̀tí ti dí i. Asẹ́ mọ́. Bí ó ti tú u, páìpù fa afẹ́fẹ́ fìn-ín, ṣùgbọ́n atukọ̀ kò kọbi ara sí i. Ó dá asẹ́ padà, ó tan pọ́ńpù, omi sì rọ̀ ṣàà. Àwọn obìnrin tún hó.

"Mo mọ̀ pé asẹ́ ni," ni atukọ̀ wí, ó sì ń nu ọwọ́ rẹ̀.

Kò tíì nu ọwọ́ náà tán tí omi tún fi rẹlẹ̀.

Ìyá Àgbà ní, "Ọ̀gá, omi yín yìí dà bí àna tí wọn kò fún ní ẹran. Ó yọjú, ó wòye, ó sì padà sílé."

Ẹ̀rín sọ. Atukọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyàwó tú orí ṣáwà náà fún òun. Ọwọ́ kan tí ó kún fún ìfófò ọṣẹ yọ ní ẹnu ọ̀nà, ó na orí ṣáwà náà jáde. Atukọ̀ fi abẹ́rẹ́ gún ihò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dá a padà. Ẹ̀kán ṣì ni ohun tí ó ń bọ́.

Ní àkókò náà ni wọ́n gbọ́ orin láti òkèèrè. Àwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ti yọ ní òdìkejì ọ̀sà, wọ́n ń bọ̀ wá pàdé ìyàwó. Àwọn obìnrin na ọrùn wo àwọn ọkọ̀ náà. Wọ́n mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ti táńkì kí òun má baà ṣubú, ó sì wo táńkì náà. "Ọ̀gá ọkọ̀, táńkì yín ti rù o. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ó ti wọ inú."

Atukọ̀ wò ó. Lóòótọ́, ìhà táńkì náà ti tẹ̀ wọ inú. Inú bí i. Ó ní, "Omi ti tán nìyẹn! Ta ni ó ṣí omi yìí láàárọ̀? Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ti fi omi bàbá ìyàwó fọ abọ́!"

Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo wọn. Ìyàwó ni ó fèsì láti inú balùwẹ̀: "Ọ̀gá, èmi nìkan ni mo wà ní ìdí omi, ojú mi sì ń ta mí. Ṣé mo jọ ẹni tí ó rí omi fi ṣòfò?"

Atukọ̀ kan táńkì náà kó, kó, kó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kò dún bí ohun òfìfo. Omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìtìjú mú un.

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìdérí, kí a fi ìkòkò dà á bí ti ayé àtijọ́."

"Rárá o, Ìyá Àgbà. Ẹ wo ìgbì bí ó ti ń ta. Mo ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀."

"Nígbà náà, ẹ lọ mu tíì díẹ̀. Inú tí ó ń ru kì í mọ ọ̀nà."

Atukọ̀ wọ ilé ìdáná lọ, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun. Ó da omi gbígbóná láti inú fúláàsì sínú kọ́ọ̀bù. Ó mú agolo mílíìkì, ó fi ọ̀bẹ lu ihò kan sí i lórí, ó dojú rẹ̀ dé. Mílíìkì kán díẹ̀, ó sì dúró. Ó pòṣé. Ó tún fi ọ̀bẹ lu ihò kejì ní apá kejì, bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe, mílíìkì sì ń ṣàn. Ó ń ṣàn títí kọ́ọ̀bù fi kún, ó sì dà sórí tábìlì, atukọ̀ kò gbé agolo náà kúrò. Ihò kejì ni ó tẹjú mọ́. Kò sí ohun kan tí ó ń jáde láti ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gba ibẹ̀ wọlé, kí mílíìkì lè rí ọ̀nà jáde.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ náà tí ó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ó sáré jáde, ó kọjá láàárín àwọn obìnrin, ó gun ìdí táńkì, ó fi ọ̀bẹ gé rọ́bà tí ó fi so ọ̀pá náà, ó sì fa ọ̀rá kúrò ní ẹnu rẹ̀. Táńkì náà mí hùùù, bí ẹni tí ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ padà, ó dún gbòà. Láti inú balùwẹ̀, ìyàwó ké yéè, nítorí omi ti rọ́ lù ú lórí.

"Ẹ má pa á mọ́!" ni ó ń wí. "Ẹ má pa á o!"

Ìyá Àgbà ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin ni ẹ fún táńkì yìí lọ́rùn?"

"Èmi ni, Ìyá Àgbà."

"Kí ni ó ṣe yín?"

"Mo fẹ́ dáàbò bò ó ni. Ẹ forí jì mí nítorí ẹ̀sùn tí mo fi kàn yín. Ẹ kò fọ abọ́ kankan."

Àwọn obìnrin gbà á lórin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n ní Ọ̀gá fún táńkì lọ́rùn, ó tún ń bi wá léèrè omi. Atukọ̀ alára ni ó ń gbe orin náà, ohùn rẹ̀ sì burú. Bí ó ti ń kọrin ni ó ń ṣiṣẹ́. Ó wá rọ́bà páìpù kékeré kan, ó tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́, ó sì fi í sí orí ọ̀pá náà, tí ẹnu rẹ̀ fi kọjú sí ìsàlẹ̀. Ìgbì ta, kò wọ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ó wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n dé, ìyàwó ti dúró ní iwájú ọkọ̀, ara rẹ̀ ń dán, omi kànga bàbá rẹ̀ ṣì ń kán ní etí rẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ hó, àwọn ará ilé bàbá dá wọn lóhùn, wọ́n sì jùmọ̀ mú un gúnlẹ̀.

Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín atukọ̀, ìwọ ni mo pa àkàwé yìí fún. Olórí ilé ni ọ́. O kì í purọ́, o kì í jalè, o kò sì gbà kí àwọn ọmọ rẹ ṣe bẹ́ẹ̀. O ṣe rere. Èmi kò ní sọ fún ọ pé kí o ṣí ilé rẹ sílẹ̀ fún ìgbì. Ẹni tí ó bá gbà ọ́ ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, kò fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n o ń ráhùn pé àwọn ọmọ rẹ kì í bá ọ sọ̀rọ̀, pé "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" nìkan ni ó ń kán sílẹ̀ láti ẹnu wọn. O ti yẹ ilé ẹ̀kọ́ wọn wò. O ti yẹ àwọn ọ̀rẹ́ wọn wò. O ti gba fóònù lọ́wọ́ wọn, o sì ti fi ẹ̀sùn kan ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ kún inú wọn dé ẹnu. Ìtọ́jú rẹ ni ó dí i, nítorí o so ó pinpin débi pé kò sí ẹni tí ó lè mí. Ìgbà wo ni ẹnìkan nínú ilé rẹ ti sọ ohun tí o kò fẹ́ gbọ́, tí o sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ dé òpin?

Nítorí náà, nígbà tí o bá délé lónìí, jókòó sí àárín wọn. Bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí ìwọ alára kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o dákẹ́. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá kọ́kọ́ kán, má ṣe bínú, dákẹ́ síbẹ̀. Yóò ṣàn, inú rẹ yóò sì dùn ju bí o ti rò lọ.