Ìlú Ìyá Mojírádé

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá mọ èyí kì í sunkún bí wọ́n bá sé ọ̀kan mọ́ ọn. Mojírádé ti fẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì wù ú, ṣùgbọ́n láìsí sikọ́láṣípù, kò lè wọ yunifásítì. Ilé iṣẹ́ epo kan tó kọ̀wé sí fún sikọ́láṣípù kò mú un. Ìlú bàbá rẹ̀ kì í fúnni ní irú rẹ̀. Ló bá kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìlú ìyá rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Fẹ́yíkẹ́mi, fi í rẹ́rìn-ín. “Ìlú ìyá kẹ̀? Wọ́n á ní kó o gba ilé bàbá ẹ lọ.”

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà pe Mojírádé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, alága ẹgbẹ́ wo orúkọ rẹ̀ títí. “Ọmọ mi, orúkọ bàbá rẹ yìí kì í ṣe ti ìlú wa.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọmọ ọmọbìnrin ilé Aláró ni mí. Ẹ̀yìn ilé wọn ni wọ́n sin ìwọ́ màmá mi sí. Mi ò rò pé àlejò ni mí níbí.”

Alága náà bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ ọmọ wa ni. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.”

Wọ́n gbà láti sanwó yunifásítì rẹ̀ títí yóò fi jáde. Nígbà tí Fẹ́yíkẹ́mi gbọ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sáré wọlé tọ ìyá rẹ̀ lọ.

“Màámi, ìlú wo ni ìyá tó bí yín ti wá?”