Ìdí Tí Ọkọ Ìyàwó Júù Fi Ń Fọ́ Ife

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi rékọjá òkun, ó rékọjá aṣálẹ̀, ó balẹ̀ sórí Tírísà, sórí Hádásà àbúrò rẹ̀, sórí òbúkọ àti kannakánná.

Ní ìlú àwọn Júù kan, Tírísà ni àkọ́bí, ṣùgbọ́n Hádásà ni ọkọ kọ́kọ́ wá fẹ́. Áṣérì lorúkọ ọkọ náà. Àwọn èèyàn á kí Hádásà títí. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Tírísà, wọn a ní, "Tìrẹ náà á dé." Inú Tírísà gbóná bí ààrò.

Ó lọ bá òbúkọ. Ó ní, "Wọ́n ta aṣọ sórí òpó mẹ́rin, abẹ́ rẹ̀ ni tọkọtaya yóò dúró sí. Bá mi jẹ ẹ́."

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn ju ewé lọ."

Òbúkọ jẹ etí aṣọ náà yí ká. Bàbá wọn wò ó, ó ní, "Èyí tó kù tó bo orí méjì."

Inú Tírísà gbóná bí ààrò. Ó lọ bá kannakánná. Ó ní, "Òrùka àbúrò mi ń dán. Wá gbé e lọ."

Kannakánná gbé e, ó fò lọ. Áṣérì ra òmíràn tí kò ní òkúta dídán. Ó ní, "Kò sí ẹyẹ tí yóò wo èyí lẹ́ẹ̀mejì."

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Wọ́n súre, tọkọtaya mu wáìnì. Tírísà náà di ife tirẹ̀ mú. Ó rí i bí Áṣérì ṣe ń wo Hádásà. Ó la ife mọ́lẹ̀, ó fọ́ yángá.

Gbogbo èrò yíjú sí i. Ìyá àgbà kan ní, "Mo rí i. Ó mọ̀ọ́mọ̀ là á mọ́lẹ̀ ni."

Tírísà kò mọ ibi tí yóò gbójú sí.

Hádásà sọ fún Áṣérì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n mí dàgbà. Má jẹ́ kí ojú tì wọ́n."

Áṣérì mú ife tí àwọn méjèèjì fi mu wáìnì, ó gbé e kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ó ní, "Èmi náà fọ́ tèmi. Ẹ̀gbọ́n wa kàn ṣáájú mi ni. Níbi tí ayọ̀ bá wà, ọkàn kan á wà níbẹ̀ tó fọ́. Kí ayọ̀ wa má gbàgbé rẹ̀."

Àwọn èèyàn kí wọn kú oríire. Tírísà bú sẹ́kún, ó sì dì mọ́ àbúrò rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí Júù bá gbéyàwó, ọkọ á tẹ ife fọ́ kí ijó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí.