Òkítì Ẹ̀gúsí Ìyá Àkànó

Àwẹ̀ró kó kúrò nílé láìdágbére fún Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà. Ó ká ẹní rẹ̀, ó sì mú òkúta tí ìyá wọn fi ń dán ìkòkò lọ.

Amọ̀kòkò ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Kò sí ilé tí Ìbídùn kò ro ẹjọ́ òkúta náà dé ní Òkè-Ọ̀pẹ. Àwọn kan ní kó dárí jì í, bí ẹni pé orí igi ni ìdáríjì ń so sí. Àwọn mìíràn ní owú ló ń jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kó sọ ọ́ tán àfi Ìyá Àkànó, arúgbó tó jókòó ti igbá ẹ̀gúsí, tó ń bó o.

"Ìyá, ó mú òkúta ìyá wa lọ! Èmi tí mò ń mú Àwẹ̀ró lọ sódò láti kékeré rẹ̀! Ibi tí amọ̀ wà lódò, èmi ni mo fi hàn án. Bí a bá ń tọ̀nà odò bọ̀, orin rẹ̀ ní í jí aládùúgbò. Ní báyìí, bí mo bá dé odò, ààbọ̀ agbọ̀n ni mò ń bù. Ta ni yóò bá mi gbé e karí?"

Ó sọ ọ́ títí oòrùn fi kan àtàrí. Arúgbó kàn ń wí pé "ẹn-ẹ́n," ó sì ń ya hóró ẹ̀gúsí sọ́tọ̀.

"Ṣé ó parí? Mu omi, ẹnu rẹ á ti gbẹ." Ó nawọ́ sí hóró kan ṣoṣo. "Ìgbà tí o dárúkọ òkúta nìyí." Ó nawọ́ sí òkítì kan. "Ìgbà tí o dárúkọ odò nìwọ̀nyí. Ìbídùn, ṣé òkúta ló ń dùn ọ́?"

Ìbídùn wo òkítì náà. Ó rántí bí Àwẹ̀ró ti máa ń kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kí òun lè gbé agbọ̀n rù ú, tí omi amọ̀ á máa ro sí i lójú, tí yóò máa kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣẹ́ mi lọ́rùn o, n kò tíì lọ́kọ!" Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Kò yà sílé. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró ní ìsàlẹ̀ ìlú. Bí ìyẹn ti rí i, ó sáré gbé òkúta jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà á, ẹ má bínú."

"Gbé e sọ́hùn-ún! Ta ló ní òkúta ni mo wá gbà? Ta ló ń bá ọ gbé agbọ̀n karí lódò? Kí ni mo ṣe tí o fi lọ láìwí fún mi? Àwẹ̀ró, dá mi lóhùn!"

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.