Bàálù Kan Náà, Ilé-iṣẹ́ Méjì

Awakọ̀ bàálù kan wà tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ débi pé, bí ẹ bá di ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì mọ ibi tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kógbá wọlé, òmíràn gbà á. Irú bàálù kan náà ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Wọ́n ní kó wá kọ́ ìlànà ilé tuntun. Ó jókòó lóòótọ́, àmọ́ oorun ló ń sùn. Ta ló ń kọ́ ẹja bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?

Nílé àtijọ́, bí ọ̀gá bá ti sọ pé, “Mo ti rí pápá,” ìyẹn ibi tí bàálù máa bà sí, igbákejì rẹ̀ á sọ táyà bàálù kalẹ̀ láìdúró de àṣẹ. Nílé tuntun, igbákejì kì í fọwọ́ kan nǹkan kan àfi bí ọ̀gá bá ní kó ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ wa ń kó èrò bọ̀ láti òkè Ọya. Ọmọbìnrin kan ni igbákejì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sún mọ́lé, ọ̀gá ní, “Mo ti rí pápá.”

“Mo gbọ́, sà.”

Ọmọbìnrin náà gbọ́wọ́ lé itan, ó ń retí àṣẹ. Ọ̀gá ò bojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; lọ́kàn rẹ̀, táyà ti wà nílẹ̀. Bàálù ń rọ̀ wálẹ̀. Àwọn èrò ti ń wá bàtà wọn lábẹ́ àga.

Ni agogo ìkìlọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọ̀gá yíjú sí igbákejì rẹ̀.

“Táyà dà?”

“Ẹ ò tíì ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, sà. Mo rò pé ẹ ṣì ń dúró ni.”

Ọ̀gá fa imú bàálù sókè, wọ́n padà sínú àwọsánmà. Ó ti fẹ́ la ẹnu bú igbákejì rẹ̀, àmọ́ ó rí i tí ọwọ́ ọmọ náà ṣì wà lórí itan, tó ń retí àṣẹ. Ó gbé èébú náà mì.

“Dákun, ọmọ mi, báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé yín?”

“Nílé wa ni, sà. Ẹ̀yin náà ti di ọmọ ilé.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ̀yin á sọ ọ́, èmi á ṣe é, màá sì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo ti ṣe é.”

“Ó dáa. Sọ táyà kalẹ̀.”

“Táyà ti wà nílẹ̀, sà.”

Wọ́n bà sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé nítorí kí àwọn lè fi ojú wo ìlú ni awakọ̀ ṣe padà sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ, tàbí ibi iṣẹ́ tuntun, iṣẹ́ lẹ mọ̀, ẹ ò tíì mọ ilé. Ẹni tó jókòó tì yín ò gbọ́ ohun tí ẹ ò sọ. Bí nǹkan bá sì ti fẹ́ wọ́, ẹ má wá ẹni tí ẹ máa bú. Ẹ gbé e padà sókè, kí ẹ béèrè. Ìbéèrè kì í mú bàálù já lulẹ̀.